Ìṣísílẹ̀ Kì í Ṣe Ọ̀fẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Android ní Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wí gan-an. Ohun tuntun kì í wọ ìlú kí ó má mú orúkọ tirẹ̀ dání. Bí àwọn onílé kò bá tètè wò ó dáadáa, kí wọ́n sì fún un ní orúkọ tí ó bá ìṣe rẹ̀ mu, orúkọ tí ó gbé wá náà ni gbogbo ènìyàn yóò máa pè é, yálà wọ́n mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rí èyí wà ní Mowé àti Ìbàfò tí ó wà ní etí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ó sì wà ní Ìfọ̀ tí ó wà ní ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta.

Mowé àti Ìbàfò wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé. Ìfọ̀ ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n Èkó ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ti ń jẹun. Wọn a jí ní kùtùkùtù, wọn a wọ ọkọ̀, wọn a sì pẹ́ lójú ọ̀nà. Fóònù ni wọ́n fi ń wo ibi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ wà, òun ni wọ́n fi ń fi owó ránṣẹ́ sílé, òun náà ni wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn àti ìwàásù. Bí ènìyàn bá bi wọ́n léèrè irú fóònù tí wọ́n ń lò, ìdáhùn méjì ni ó wọ́pọ̀: àwọn kan á ní fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì ni, àwọn mìíràn á ní Android ni. Ẹni tí ó sọ pé Android ni tòun kò tíì sọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe fóònù náà. Ó lè jẹ́ Tecno, ó lè jẹ́ itel, Infinix tàbí Samsung. Orúkọ ètò kan ṣoṣo ni ó ti di orúkọ fún gbogbo fóònù tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lójú, gẹ́gẹ́ bí Omo ti di orúkọ fún gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, tí Máàgì sì di orúkọ fún gbogbo èròjà amọ́bẹ̀dùn oníhóró.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé Android gbilẹ̀ nítorí pé ó ṣí sílẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣí? Ta ni ó ṣí i? Ǹjẹ́ ohun tí ó ṣí sílẹ̀ àti ohun tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ jọ jẹ́ ọ̀kan náà bí? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ èdè nìkan. Ẹni tí kò mọ èyí tí ó ṣí àti èyí tí ó tì nínú fóònù rẹ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù owó àti iyì.

Ohun tí Android jẹ́

Láti inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí ó jọ ènìyàn. Àpá méjì ni gbogbo kọ̀ǹpútà ní, fóònù sì wà lára wọn: ara tí ó ṣeé fọwọ́ kàn, àti ètò tí ń sọ ohun tí ara náà yóò ṣe. Ètò kan wà tí ó máa ń kọ́kọ́ jí nígbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ. Òun ni ó ń pín iṣẹ́ àti àyè fún àwọn ètò yòókù gẹ́gẹ́ bí baálé ti ń pín yàrá fún àwọn ará ilé, òun ni ó sì ń sùn kẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ. Ètò-ìṣàkóso ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́. Ètò-ìṣàkóso ni Android.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2003 ni Andy Rubin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta dá ilé-iṣẹ́ Android sílẹ̀ ní Palo Alto ní Amẹ́ríkà. Google ra ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 2005. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kọkànlá ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ 34 para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan tí yóò máa gbé ètò náà lárugẹ, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹwàá ọdún 2008, fóònù àkọ́kọ́ tí ó ń lò ó, HTC Dream, dé ọjà ní Amẹ́ríkà. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́ Android lé ni Linux, ètò tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní ọdún 1991 nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland.

Ilẹ̀kùn mẹ́ta

Ilẹ̀kùn kìíní ni ti àkọsílẹ̀. Ìrísí méjì ni ètò kọ̀ǹpútà ní. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ènìyàn kọ tí ènìyàn sì lè kà. Èkejì ni èyí tí wọ́n ti yí padà sí òdo àti oókan fún ẹ̀rọ láti lò. Ẹni tí wọ́n bu ọbẹ̀ fún lè jẹ ẹ́ ní àjẹyó, síbẹ̀ kí ó má mọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi sísè rẹ̀ hàn nìkan ni ó lè lọ sè é nílé tirẹ̀, kí ó dín iyọ̀, kí ó sì fi irú kún un. Ìrísí tí ènìyàn lè kà yìí ni àkọsílẹ̀ orísun, nítorí pé láti ibẹ̀ ni ètò ti ń sun jáde bí odò ti ń sun láti inú orísun rẹ̀. Ètò tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ orísun rẹ̀ pamọ́ ni ètò títì. Ètò tí wọ́n gbé tirẹ̀ jáde, tí wọ́n sì fi ìwé-àṣẹ tì í lẹ́yìn pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in, ni ètò ṣíṣí. Ìwé-àṣẹ wọ̀nyí kò dọ́gba. Ìwé-àṣẹ Linux sọ pé ẹni tí ó bá tún ètò náà ṣe tí ó sì pín in fún àwọn ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fi àkọsílẹ̀ orísun àtúnṣe rẹ̀ hàn. Ìwé-àṣẹ Apache, tí ó bo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù Android, kò fi dandan bẹ́ẹ̀ lélẹ̀.

Níhìn-ín ni èdè Yorùbá ti sàn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Láti ìgbà tí Richard Stallman ti bẹ̀rẹ̀ ìpolongo rẹ̀ fún ètò olómìnira ní ọdún 1983, wàhálà kan kò tíì tán: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó dúró fún ohun tí ènìyàn kò sanwó fún àti fún ohun tí kò sí lábẹ́ ìdè, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sì ń ṣe àlàyé rẹ̀ títí di òní. Yorùbá kò ní irú ìṣòro yìí. Ọ̀fẹ́ yàtọ̀ sí òmìnira, àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí ìṣísílẹ̀. Nítorí náà, àṣìṣe ńlá ni kí wọ́n máa túmọ̀ ètò ṣíṣí sí ètò ọ̀fẹ́. Ẹni tí ó ra fóònù Android ní Ìbàfò sanwó fóònù, ó ń sanwó dátà, bí kò bá sì sí iná mànàmáná, ó tún lè sanwó fún ẹni tí yóò bá a gba iná sí i. Kò sí ọ̀fẹ́ nínú gbogbo èyí. Ohun tí ìṣísílẹ̀ ṣe ni pé ó mú kí owó náà kéré sí ohun tí ì bá jẹ́.

Èyí ni ilẹ̀kùn kejì, ti àwọn aṣẹ̀rọ. Ní nǹkan bí ọdún 2010 sí 2013, BlackBerry ni fóònù àwọn gbajúmọ̀ ní Nàìjíríà. Ètò-ìṣàkóso rẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà fi ọwọ́ rọ́ iṣẹ́ tì ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kìíní ọdún 2022, àwọn fóònù àtijọ́ náà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, ìbáà ṣe fún ìpè. Apple náà kò fi ètò tirẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ti Android kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Transsion ti ìlú Shenzhen ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, ni ó ni Tecno, itel àti Infinix. Kò di dandan fún un láti kọ ètò-ìṣàkóso láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn ará Áfíríkà nílò ni ó gbájú mọ́: àyè fún káàdì SIM méjì, nítorí pé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ti dára kọ́ ni èkejì ti dára, bátìrì tí ó ń pẹ́, nítorí iná tí ń ṣe ségesège, kámẹ́rà tí ń gbé àwọ̀ dúdú jáde bí ó ti yẹ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, Infinix àti Google gbé Hot 2 jáde ní Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Áfíríkà márùn-ún mìíràn ní iye tí kò tó dọ́là 90. Ní ọdún 2017, Google ṣe ẹ̀dà Android kan fún fóònù tí ìrántí rẹ̀ kéré. Bẹ́ẹ̀ ni Android ṣe dé ọwọ́ bíríkìlà, ọlọ́kadà àti ọmọ iṣẹ́ télọ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, Google kéde pé ẹ̀rọ tí ń lo Android káàkiri ayé ti ju bílíọ̀nù 3 lọ.

Ilẹ̀kùn kẹta ni ti oní-fóònù fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ni Android lè gba áàpù láti orí Play Store, ìyẹn ọjà áàpù Google, ó sì lè gbà á láti ibòmíràn. Ọ̀rẹ́ lè fi áàpù ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ láti fóònù sí fóònù láìná dátà. Ọmọ yunifásítì kan ní Mowé lè kọ ètò tí ó ń kó àkọtọ́ Yorùbá jọ, kí ó sì pín in fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ọ̀rẹ́ ń gbà wọlé, olè náà lè gbà á.

Oníbodè

Ní ayé àtijọ́, ẹnubodè ìlú Yorùbá máa ń ṣí ní ojúmọmọ, gbogbo ènìyàn ni ó sì lè gba ibẹ̀ kọjá. Síbẹ̀, oníbodè wà níbẹ̀ tí ń gba owó ibodè, tí ó sì mọ ẹni tí òun yóò dá dúró. Bí ti Android ti rí gan-an nìyí. Àkọsílẹ̀ orísun rẹ̀ ṣí, ṣùgbọ́n Play Store, Google Maps, YouTube àti ètò abẹ́lẹ̀ tí ọ̀pọ̀ áàpù gbára lé kò sí nínú ohun tí ó ṣí náà. Google ni ó ni wọ́n, ilé-iṣẹ́ tí ó bá sì fẹ́ fi wọ́n sínú fóònù tí ó ń ṣe gbọ́dọ̀ bá Google ṣe àdéhùn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de Huawei, ètò ṣíṣí kò bọ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n Play Store bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí àwọn fóònù tuntun. Ní oṣù Keje ọdún 2018, Ìgbìmọ̀ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bu owó ìtanràn Yúróò bílíọ̀nù 4.34 lé Google nítorí irú àdéhùn báwọ̀nyí; ilé-ẹjọ́ dín in kù sí bílíọ̀nù 4.125 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022.

Ilẹ̀kùn kẹta náà kò ní oníbodè tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Google kéde ètò kan tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin kí ó tó kárí ayé: ẹni tí ó bá kọ áàpù fún fóònù tí Google fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹni tí òun jẹ́ han Google, kódà bí áàpù náà kò bá gba orí Play Store kọjá. Google sọ pé ààbò ni òun ń wá. Àwọn tí wọ́n tako o sọ pé ìlẹ̀kùn ni ó ń tì. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ó hàn gbangba pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò tó fún ìṣísílẹ̀. Linux ṣí gbayawu. Android tí wọ́n ń tà ní Ìfọ̀ jẹ́ ṣíṣí oníbodè.

Àṣẹ àti ìyọ̀ǹda

Ewu tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí hàn jù lọ nínú àwọn áàpù ayánilówó. Láti ìgbà tí Android 6.0 ti jáde ní ọdún 2015, áàpù gbọ́dọ̀ bi oní-fóònù léèrè kí ó tó ka àkójọ nọ́ḿbà àwọn ènìyàn rẹ̀, kí ó tó wo fọ́tò rẹ̀, tàbí kí ó tó mọ ibi tí ó wà. Bí ìyá aláta kan ní Ìfọ̀ bá nílò owó ọjà ní kíákíá, tí ọmọ rẹ̀ sì bá a fi áàpù ayánilówó sórí fóònù, ìbéèrè yìí yóò yọ lójú ẹ̀rọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Owó ni ìyá náà ń wá; yóò tẹ ibi tí wọ́n bá ní kí ó tẹ̀. Bí ọjọ́ àtisan owó bá sì kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ ìdójútìni lè máa lọ sọ́dọ̀ àna rẹ̀, sọ́dọ̀ oníbàárà rẹ̀ àti sọ́dọ̀ olórí ìjọ rẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni ògiri fi lanu.

Irú ìwà yìí pọ̀ ní Nàìjíríà débi pé àjọ FCCPC, tí ó ń rí sí ààbò àwọn oníbàárà, gbé ìlànà jáde fún àwọn ayánilówó orí ẹ̀rọ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, Google ní òun kò ní gba áàpù ayánilówó kankan fún Nàìjíríà láìsí ìfọwọ́sí àjọ náà. Láti òpin oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ó fi òfin dè é pé kí irú áàpù bẹ́ẹ̀ má ka nọ́ḿbà tàbí fọ́tò oníbàárà mọ́. Ìlànà wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ẹnubodè Play Store ni wọ́n wà. Áàpù tí ó bá gba ilẹ̀kùn kẹta wọlé kò pàdé òfin yìí lọ́nà. Ohun kan ṣoṣo tí ó dúró láàárín rẹ̀ àti àṣírí ìyá aláta ni ìbéèrè tí ń yọ lójú ẹ̀rọ. Bí kò bá yé ìyá náà, bí ẹni pé wọn kò bi í ni.

Orúkọ wo ni ó yẹ ohun tí ẹ̀rọ ń béèrè yìí? Ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé àṣẹ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní agbára lórí ẹni ni àṣẹ ti ń wá: ọba ni ó ń pàṣẹ, ìjọba ni ó ń fúnni ní ìwé-àṣẹ. Ẹni tí ó bá ka “àṣẹ” lójú ẹ̀rọ lè rò pé ẹ̀rọ ni ó ń pàṣẹ fún òun, tàbí pé ohun tí ó béèrè di dandan. Ìyọ̀ǹda yàtọ̀. Ẹni tí ó ni nǹkan ni ó ń yọ̀ǹda rẹ̀, ó sì lè kọ̀. Nítorí náà, kí wọ́n fi ìwé-àṣẹ sílẹ̀ fún ohun tí Apache àti Linux ń fúnni, kí wọ́n sì fi ìyọ̀ǹda sílẹ̀ fún ohun tí oní-fóònù ń fúnni. Bọ́tìnì kan yóò sọ pé “Mo yọ̀ǹda”, èkejì yóò sọ pé “N kò yọ̀ǹda”. Kí ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ “Ṣé ẹ yọ̀ǹda kí áàpù yìí ka orúkọ àti nọ́ḿbà àwọn ènìyàn yín?” Kò bójú mu kí ẹ̀rọ máa sọ “o” sí ìyá àgbà, bí ó bá sì jẹ́ ọmọdé ni ó ni fóònù, “ẹ” kò lè pa á lára.

Iṣẹ́ tí ó kù

Ọ̀nà láti ṣe èyí kò jìn mọ́. Gboard, ètò ìtẹ̀wé Google, ní èdè Yorùbá nínú. Google Translate gba Yorùbá wọlé ní oṣù Kejìlá ọdún 2013. Ìnira kékeré kan wà nínú lẹ́tà: ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ḿbà tiwọn nínú Unicode, ìlànà tí gbogbo ẹ̀rọ fi ń mọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní, lẹ́tà àti àmì ohùn ni wọ́n ń tò léra wọn. Bí fọ́ǹtì kò bá dára, àmì á ṣí kúrò ní ipò rẹ̀. Noto, fọ́ǹtì tí Google gbé jáde pẹ̀lú ìwé-àṣẹ ṣíṣí, wà lára àwọn tí wọ́n ṣe láti yanjú irú ìṣòro báyìí. Nígbà tí Túndé Adégbọlá àti àjọ Alt-i ní Ìbàdàn ń sọ Windows di Yorùbá, Microsoft ni ó ní ilẹ̀kùn lọ́wọ́, láìsí ìfẹ́ rẹ̀ iṣẹ́ náà kò lè wọlé. Ní ti Android, àkọsílẹ̀ orísun wà níta. Ẹni tí ó bá ní ìmọ̀ àti sùúrù lè bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ohun tí ó ṣẹ́kù ni ọ̀rọ̀. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìdìpọ̀ kìíní rẹ̀ ní ọdún 1984 fi ọ̀nà hàn fún ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀: ṣe àpèjúwe, fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ lójú, yá ọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá di dandan. Ọ̀nà kan náà yóò gba ẹ̀rọ. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pín tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 2013, Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ ni wọ́n pè é, orúkọ náà sì yé tọmọdé tàgbà nítorí pé wọ́n ti mọ ọpọ́n Ifá àti ọpọ́n ayò. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí ó sún mọ́ ọn: wàláà, pátákó tí àwọn ọmọ kéwú ń kọ̀wé sí, tí wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n sì tún ń kọ̀wé sí padà. Ojú tábúlẹ́ẹ̀tì ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ bá wà gẹ́gẹ́ bí orúkọ àbísọ fún ti Ọ̀ṣun, wàláà lè jẹ́ orúkọ gbogbogbò.

Android ní tirẹ̀ kò nílò ìtumọ̀. Orúkọ àbísọ ni, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ohun tí ó nílò ìtumọ̀ ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀: ètò-ìṣàkóso, àkọsílẹ̀ orísun, ìwé-àṣẹ, ìyọ̀ǹda, ṣíṣí gbayawu àti ṣíṣí oníbodè. Àwọn ará Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀ ti gba ilẹ̀kùn kejì wọlé, fóònù sì ti wà lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀kùn kìíní ṣì ń dúró de àwọn tí yóò fi èdè Yorùbá gba ibẹ̀ wọlé, kí ìyá aláta tó lè ka ìbéèrè tí fóònù rẹ̀ ń bi í, kí ó sì dáhùn pé òun kò yọ̀ǹda. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.